Bí RPG Ṣe Ń Ka Ọ̀wọ́ Àkọsílẹ̀

Oníbàárà kan dé báǹkì, ó ní kí wọ́n tẹ ìwé àkáǹtì òun jáde láti ọjọ́ kìíní oṣù títí dé ìparí rẹ̀. Akọ̀wé tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà, ó tẹ ọjọ́ méjèèjì, ó sì ń retí. Nínú fáìlì tí púrógíráàmù fẹ́ wò, àkọsílẹ̀ lè tó 100,000,000. Èyí tí oníbàárà yìí ń wá lè má ju 40 lọ. Iṣẹ́ púrógíráàmù ni kó lọ tààrà síbi tí 40 yẹn wà, kó kà wọ́n tán, kó sì mọ ibi tó yẹ kó dúró, láì fọwọ́ kan ìyókù.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ IBM i ni báǹkì náà ń lò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èdè RPG ni wọ́n fi kọ púrógíráàmù yẹn. Èdè náà ti dàgbà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ohun kan: kíka ọ̀wọ́ àkọsílẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ kan náà mọ́ ọn lára ju bó ṣe mọ́ èdè mìíràn tí mo mọ̀ lọ. Àṣẹ mẹ́ta mẹ́rin ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń náni yóò kọ púrógíráàmù tó ń parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò kọ èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì á bá lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

Ká tó dé orí àṣẹ, ó yẹ ká mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1959 ni IBM dá RPG sílẹ̀ fún ẹ̀rọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 1401. Report Program Generator ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, torí pé títẹ ìròyìn jáde lórí bébà ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a. Nígbà náà, káàdì oníhò ni àkọsílẹ̀. Kí ìròyìn tó jáde, ẹ̀rọ kan á kọ́kọ́ to àwọn káàdì gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà oníbàárà, kí gbogbo káàdì ẹnì kan lè tẹ̀ lé ara wọn. Púrógíráàmù á wá máa ka káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi nọ́ńbà èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà wé ti ìṣáájú. Ìgbà tí nọ́ńbà bá yí padà ni ọ̀wọ́ kan parí. Á tẹ àròpọ̀ owó ẹni yẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ ti ẹlòmíràn. RPG ní àmì tirẹ̀ fún ìyípadà yìí, láti L1 dé L9, kí ọ̀wọ́ lè wà nínú ọ̀wọ́: oníbàárà nínú ẹ̀ka, ẹ̀ka nínú ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń kọ lúùpù kankan. Èdè fúnra rẹ̀ ló ń yípo.

Nínú ayé káàdì, àwọn tó jẹ́ ọ̀wọ́ kan náà fara kan ara wọn ní ti gidi. Bọ́wọ́ ẹ bá ti ba èyí àkọ́kọ́, ìyókù wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni dátábéèsì yí padà.

Ní ọdún 1978, IBM kéde System/38, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Inú ẹ̀rọ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ dátábéèsì sí; kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lọ́tọ̀ wá fi lé e lórí. AS/400 tó jáde ní 1988 jogún rẹ̀, IBM i tí à ń lò lónìí sì jogún ti AS/400. Nínú fáìlì orí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí àkọsílẹ̀ ṣe ń dé ni wọ́n sábà ń jókòó sí. Ẹni tó san owó wọlé ní àárọ̀ wà níwájú ẹni tó san án ní ọ̀sán, ẹnikẹ́ni tí ìbáà jẹ́. Ibòmíràn ni a ń tọ́jú ètò kọ́kọ́rọ́ sí, nínú atọ́ka. Ẹ̀rọ náà máa ń tọ́jú apá tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ jọ ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì pín ọ̀nà níbi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀, títí á fi dé òpin, níbi tó ti máa bá nọ́ńbà ipò tí àkọsílẹ̀ náà wà nínú fáìlì. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló ń gbé e dé ibi kọ́kọ́rọ́ kan, ìbáà jẹ́ láàárín mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, àkọsílẹ̀ 40 ti oníbàárà wa fara kan ara wọn nínú atọ́ka, ṣùgbọ́n wọ́n lè fọ́n káàkiri lórí dísìkì. Òtítọ́ kan yìí ni orísun gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ nípa iyára. Ìdí rẹ̀ tún nìyẹn tí àṣẹ RGZPFM fi ní KEYFILE nínú: ó lè tún fáìlì tò kí bí àkọsílẹ̀ ṣe jókòó bá ètò kọ́kọ́rọ́ mu, kí ohun tó sún mọ́ra nínú atọ́ka sún mọ́ra lórí dísìkì pẹ̀lú. Fún fáìlì ńlá tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ kan kà ní alaalẹ́, mo ti rí i pé ìyẹn nìkan ń dín àkókò kù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan púrógíráàmù.

Ẹ jẹ́ ká pe fáìlì báǹkì wa ní IWEOWO. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní apá mẹ́ta: AKANTI, lẹ́yìn náà OJO, lẹ́yìn náà ONKA tó ń ya àwọn ìṣòwò ọjọ́ kan náà sọ́tọ̀. Báyìí ni a ṣe ń ka ohun tí oníbàárà béèrè:

setll (wa: ojoIbere) IWEOWO;
reade (wa) IWEOWO;
dow not %eof(IWEOWO) and OJO <= ojoIpari;
  // iṣẹ́ lórí àkọsílẹ̀ kan
  reade (wa) IWEOWO;
enddo;

SETLL kì í ka nǹkan kan. Ó kàn ń gbé wa dúró síwájú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá èyí tí a fún un dọ́gba tàbí tó jù ú lọ. READE ló ń kà: ó ń mú èyí tó kàn wá bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tí a dárúkọ, bí kò bá dọ́gba, ó ń gbé %EOF sókè. %EOF yìí kò túmọ̀ sí pé fáìlì ti tán. Ọ̀wọ́ tí a ń kà ló tán. Àkọsílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ṣì wà níwájú lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí READE bá sì ti kùnà báyìí, a ní láti fi SETLL, tàbí SETGT tàbí CHAIN tí a ó dé orí wọn níwájú, tún ara wa gbé kalẹ̀ kí a tó kà síwájú. Ẹni tó bá rò pé òun lè kàn sọ READ kí òun máa bá a lọ sí ọ̀wọ́ tó kàn, ibi tí kò retí ni yóò bá ara rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: apá kọ́kọ́rọ́ méjì ni mo fún SETLL, mo fún READE ní ẹyọ kan. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n wà. SETLL ń lo àkáǹtì àti ọjọ́ láti já wa sí àárín ọ̀wọ́, níbi tí oṣù náà ti bẹ̀rẹ̀. READE ń lo àkáǹtì nìkan láti mọ ibi tí ọ̀wọ́ parí sí. Bí oníbàárà yìí bá ti wà ní báǹkì láti ogún ọdún, a kò ní ka ìtàn ogún ọdún kí a tó dé oṣù tó kọjá. Mo ti rí púrógíráàmù tó fi àkáǹtì nìkan ṣe SETLL, tó wá ń ka gbogbo ìgbésí ayé oníbàárà, tó ń fi IF da ohun tí kò sí nínú oṣù náà nù. Èsì rẹ̀ tọ̀nà délẹ̀délẹ̀. Nítorí pé ó tọ̀nà ni kò fi sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ló ń lọ́ra sí i.

Apá kọ́kọ́rọ́ tí a lè fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún. A lè fi AKANTI nìkan wá nǹkan, a lè fi AKANTI àti OJO wá a, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi OJO nìkan wọ inú atọ́ka yìí. Bí ẹni kan bá ń fẹ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan, àkáǹtì yòówù kó jẹ́, fáìlì lọ́jíkà mìíràn, ìyẹn ọ̀nà láti fi kọ́kọ́rọ́ tó yàtọ̀ wo àkọsílẹ̀ kan náà, tí OJO ṣáájú nínú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ló yẹ kó lò. Láyé àtijọ́, KLIST àti KFLD ni a fi ń to àwọn apá yìí. Láti 2002 ni a ti lè kọ wọ́n sínú àkámọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ lókè, tàbí kí a lo %KDS pẹ̀lú iye apá tí a fẹ́. Mo fẹ́ràn àkámọ́ jù, torí pé ẹni tó ń ka púrógíráàmù rí apá kọ́kọ́rọ́ lójú ibi tí wọ́n ti ń lò ó, kò ní máa wá a kiri lókè.

Ohun kan tún wà nípa orúkọ yẹn, wa. Kì í ṣe fíìdì inú fáìlì; àyè tèmi ni, tí mo fi nọ́ńbà tí mo ń wá pamọ́ sí. Ó ní ìdí, a ó sì rí i láìpẹ́.

Àwọn kan máa ń fi CHAIN bẹ̀rẹ̀ dípò SETLL. CHAIN ń wá kọ́kọ́rọ́, ó sì ń mú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá a mu wá lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ó gba ìpè kan dípò méjì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá rántí pé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti wọlé. Ẹni tó bá ṣe CHAIN, tó wá ṣe READE kó tó ṣiṣẹ́ lórí ohun tó ti kà, ti sọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nù ní gbogbo ọ̀wọ́, owó kan ò sì ní bá òmíràn mu. Fún ọ̀wọ́, SETLL ni mo máa ń dá lábàá: ó rọrùn láti kà, ó sì gbà wá láyè láti bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

Ibi tí SETLL ti tayọ CHAIN pátápátá ni ìbéèrè pé, ṣé ó wà àbí kò sí? Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àkáǹtì kan ní ìṣòwò kankan, SETLL pẹ̀lú %EQUAL ti tó. Inú atọ́ka ni ìdáhùn wà; kò mú dátà kankan wá sínú púrógíráàmù, kò sì ti àkọsílẹ̀ pa mọ́ ẹnikẹ́ni. CHAIN á gbé gbogbo àkọsílẹ̀ náà wá kó tó dá wa lóhùn, bó bá sì jẹ́ pé a ṣí fáìlì fún àtúnṣe, á tì í pa. Ìrírí mi ni pé ọ̀pọ̀ fáìlì abẹ́ ni ọ̀wọ́ wọn sábà máa ń ṣófo: àlàyé àfikún lórí ìwé ìbéèrè ọjà, fún àpẹẹrẹ, tí ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kò ní. Níbẹ̀, kí a ṣe SETLL, kí a bi %EQUAL, kí a má sì pe READE rárá bí kò bá sí nǹkan. Kí a kàn ṣọ́ra: %EQUAL ń sọ nípa kọ́kọ́rọ́ tí a fún SETLL gan-an. Bí a bá fún un ní àkáǹtì pẹ̀lú ọjọ́ tí ìṣòwò kankan kò ṣẹlẹ̀, á ní kò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wọ́ náà kún fọ́fọ́.

Ó wá kan ohun tí kíka àkọsílẹ̀ ń náni. Nínú púrógíráàmù irú èyí, ìṣirò kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹ̀rọ á ti rò ó tán kí a tó mí. Ìrìn àjò láàárín púrógíráàmù àti dátábéèsì ló ń jẹ àkókò. Ẹni tí a rán lọ kó iṣu ní àká, tó ń gbé iṣu kan ṣoṣo wálé kó tó padà lọ gbé òmíràn, ẹsẹ̀ ni yóò pa á, kì í ṣe iṣu. RPG mọ èyí. Bí fáìlì bá jẹ́ ti kíkà nìkan, tó sì ní irú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, tí púrógíráàmù sì ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú READ, RPG á bẹ dátábéèsì pé kó kó àkọsílẹ̀ wá ní òpò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á kó wọn sí mẹ́mórì, READ tó tẹ̀ lé e á sì kàn máa mú wọn láti ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n READE àti READPE, ìbejì rẹ̀ tó ń ka ọ̀wọ́ sẹ́yìn, kò bá kíkó lópò yìí rìn. Ìlànà èdè náà ni pé bí ọ̀kan nínú wọn bá ti wà nínú púrógíráàmù lórí fáìlì kan, kíkó lópò ti parí fún fáìlì yẹn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan á di ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan. SETLL, SETGT àti CHAIN náà máa ń dá a dúró, ṣùgbọ́n ti àwọn yẹn ní àtúnṣe: bí a bá kọ block(*yes) sí ibi tí a ti kéde fáìlì, kíkó lópò á padà. Láti inú ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ọ̀nà kejì ti jáde, èyí tí àwọn àgbà tó mọ RPG dunjú ń lò fún ọ̀wọ́ ńlá:

dcl-f IWEOWO usage(*input) keyed block(*yes);

setll (wa) IWEOWO;
read IWEOWO;
dow not %eof(IWEOWO) and AKANTI = wa;
  // iṣẹ́ lórí àkọsílẹ̀ kan
  read IWEOWO;
enddo;

READE ti kúrò. READ ló kù, àwa fúnra wa ló sì ń wò ó bóyá àkáǹtì ti yí padà. Ohun tí púrógíráàmù orí káàdì ń ṣe ní 1959 gan-an nìyí, yàtọ̀ sí pé SETLL ti bá wa fo gbogbo káàdì tó ṣáájú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ nípa wa ti jẹ yọ. Bí a bá fi AKANTI fúnra rẹ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́ ìwákiri, READ á máa kọ nọ́ńbà tuntun lé e lórí, a ó máa fi AKANTI wé AKANTI, lúùpù kò sì ní dúró títí fáìlì á fi tán.

Ṣé kí gbogbo ènìyàn wá yọ READE kúrò nínú gbogbo púrógíráàmù? Rárá o. Gbogbo ìgbà tí a bá tún SETLL ṣe, ohun tí a ti kó sí mẹ́mórì á di asán, dátábéèsì á sì tún kó òpò mìíràn. Bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá ní àkọsílẹ̀ mẹ́ta péré, tí a wá ń kó ọgọ́rùn-ún wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ń ru ẹrù tí a kò lò. Ohun mìíràn ni pé àkọsílẹ̀ tó ti wà ní mẹ́mórì lè ti gbó: ẹlòmíràn lè ti yí i padà nínú dátábéèsì láàárín ìgbà tí a kó o àti ìgbà tí a kà á. Lójú tèmi, púrógíráàmù ojú gíláàsì tó ń wo oníbàárà kan ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ó máa lo READE rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀. Ìgbà tí ọ̀wọ́ bá pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí a sì ń kà á láti fi ṣe ìròyìn, ni SETLL pẹ̀lú READ ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Àṣẹ OVRDBF pẹ̀lú SEQONLY sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ iye tí wọ́n máa kó lẹ́ẹ̀kan.

Àṣìlò tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti iṣẹ́ òru. Báǹkì fẹ́ ìròyìn lórí gbogbo àkáǹtì rẹ̀. Púrógíráàmù á ka fáìlì àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan á ṣe SETLL sínú IWEOWO, á fi READE ka ọ̀wọ́ rẹ̀ tán, á padà. Ká ní oníbàárà jẹ́ 200,000, tí ìṣòwò kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 40. SETLL kan, READE tó rí nǹkan 40, àti READE kan tó kùnà láti sọ pé ọ̀wọ́ tán: ìpè 42 fún ẹni kan, 8,400,000 lápapọ̀, kò sì sí èyí tó wá lópò nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, gbogbo àkọsílẹ̀ inú fáìlì ni a fẹ́ kà! Kí ló dé tí a ń fò kiri? Ká ka IWEOWO lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ètò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ká sì máa wo ìyípadà àkáǹtì. READ á jẹ́ 8,000,000, ṣùgbọ́n bí òpò kan bá jẹ́ 100, ìgbà 80,000 péré ni a ó dé ọ̀dọ̀ dátábéèsì. Àwọn tó ṣe L1 dé L9 ti mọ èyí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí àmì L1 lónìí, nítorí àyè kan tó ń rántí àkáǹtì ìṣáájú ti tó. Èrò inú rẹ̀ ni kò yẹ ká sọ nù.

SETGT ni ìbejì SETLL tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ó ń gbé wa dúró sẹ́yìn àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́, níwájú ọ̀wọ́ tó kàn. Bí a bá ń fẹ́ ìṣòwò tí oníbàárà ṣe kẹ́yìn, kò sí ìdí láti ka gbogbo rẹ̀ láti orí. SETGT (wa), lẹ́yìn náà READPE (wa), ìpè méjì péré, ó ti délé. Ó tún wúlò fún fífò: bí a bá fẹ́ mọ iye àkáǹtì tó ti ṣòwò rí, a ó ka àkọsílẹ̀ kan, a ó fi àkáǹtì rẹ̀ ṣe SETGT, a ó ka òmíràn, a ó sì máa já láti orí ọ̀wọ́ kan sí orí èkejì láì wo inú wọn.

SQL tó ṣeé kọ sínú RPG ń kó àkọsílẹ̀ lópò ní ọ̀nà tirẹ̀. FETCH lè sọ pé FOR 100 ROWS, kó da 100 sínú àtẹ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sqler3 á sì sọ iye tó wọlé gan-an, torí èyí tó kẹ́yìn kì í sábà pé. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yan atọ́ka tí yóò lò. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwa tí RPG tọ́ dàgbà kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ SQL, ṣùgbọ́n níbi kan, kò yẹ kí àríyànjiyàn wà rárá: bó bá jẹ́ àròpọ̀ nìkan la fẹ́, ká sọ SELECT SUM, kí dátábéèsì rò ó níbi tí dátà wà, kó sì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́. Kí ló dé tí a ó fi gbé àkọsílẹ̀ 40 tàbí 40,000 wọ púrógíráàmù kí a lè ka fíìdì kan lára wọn, kí a sì da ìyókù nù? Níbi tí púrógíráàmù bá ní láti gbé ìgbésẹ̀ tó yàtọ̀ lórí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ìpinnu ti orí kan sì ń nípa lórí èyí tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni mo ti ń padà sí SETLL àti READE pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ìgbà tí a bá ń tún ọ̀wọ́ ṣe bí a ti ń kà á ló gba ìṣọ́ra jù. Bí a bá ṣí fáìlì fún àtúnṣe, READE kọ̀ọ̀kan ń ti àkọsílẹ̀ tó mú wá pa, ẹlòmíràn tó bá fẹ́ tún un ṣe á sì dúró. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ìlànà fáìlì padà, ìṣẹ́jú àáyá 60 ni ìdúró náà kí àṣìṣe tó jáde sí i lójú. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú ogún la máa tún ṣe, ká fi reade(n) kà wọ́n láì tì wọ́n pa, ká wá fi CHAIN pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní kíkún padà mú ọ̀kan tí a fẹ́ tún ṣe, ká sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti yí padà kí a tó kọ ọ́.

Èyí tó léwu ju títì lọ ni kí a yí fíìdì tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ padà. Ní ọdún 1976, Don Chamberlin, Pat Selinger àti Morton Astrahan tó ń ṣiṣẹ́ lórí dátábéèsì System R ní IBM ní California bá a pàdé ní àsìkò àjọ̀dún Halloween, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ìṣòro náà lára di òní. Wọ́n fẹ́ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó oṣù àwọn tí owó wọn kò tó $25,000, ẹ̀rọ sì ń gba inú atọ́ka owó oṣù ka àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fi kún owó ẹnì kan, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á fò síwájú nínú atọ́ka, kíkà á tún bá a níbẹ̀, wọ́n á tún fi kún un. Nígbà tó parí, kò sí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó $25,000 mọ́.

Lúùpù READE wa lè ṣe irú rẹ̀ láìsí ariwo. Àkáǹtì nìkan ni READE ń wò. Bí a bá sún OJO síwájú lórí àkọsílẹ̀ kan nínú lúùpù, àkáǹtì rẹ̀ kò yí padà, ó ṣì wà nínú ọ̀wọ́; ó kàn fò kọjá ibi tí a dúró sí ni. A ó tún bá a, a ó tún sún un, bó bá sì jẹ́ ọjọ́ kan kan ni a ń fi kún un, lúùpù lè máa lé e lọ láì dúró títí ojoIpari á fi dá a dúró, bí a bá rántí kọ ọ́. Ọ̀nà méjì ni mo fọkàn tán. Èkíní ni kí a gba inú fáìlì lọ́jíkà mìíràn tí OJO kò sí nínú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ka ọ̀wọ́ náà, kí àtúnṣe má bàa lè gbé àkọsílẹ̀ kúrò níbi tó wà. Èkejì ni kí a kọ́kọ́ ka gbogbo ọ̀wọ́, kí a kó kọ́kọ́rọ́ wọn ní kíkún sínú àtẹ, kí a wá padà fi CHAIN mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì tún wọn ṣe. Ó fi ìrìn àjò kún iṣẹ́ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí owó ẹlòmíràn bá wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, èyí ni mo máa ń yàn.